Ìpele Tí Màámi Wà Báyìí

Bàbá mi, ẹni tí ọkàn mi kì í yé bá sọ̀rọ̀,

Mo kí yín láti inú ṣọ́ọ̀bù yín ní Odoakpu, ní Onitsha níbí, lórí àga yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo ti fi pákó há a nídìí, síbẹ̀ ó ṣì ń mì. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, iná kò sí, kò sì sí oníbàárà kankan lọ́dọ̀ mi. Mo ní kí n kúkú kọ̀wé sí yín, kí n má baà máa dá sọ̀rọ̀ sókè kí àwọn ará àdúgbò fi mí sí ìpele tí kò yẹ mí.

Ó di ọdún kẹta báyìí tí a ti tẹ́ yín sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí níbí. Mo máa ń wá síbẹ̀, ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi tí n kò lè sọ lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ Màámi ni. Mo ṣe àṣìṣe kan lórí rẹ̀ lọ́dún yìí, èmi àti Bùọ̀dá Wàhábì, ó sì kù díẹ̀ kí àṣìṣe náà gba ìyá wa lọ́wọ́ wa. Ohun tó yọ wá ni àwọn ìpele yín tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà lẹ́tà ọpẹ́ lèyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màá kọ́kọ́ sunkún díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń tò wọ́n? Ojú, Ọwọ́, Etí, Ẹnu, Ara. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ bí a ṣe ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe lọ́dọ̀ yín, Ojú lẹ máa ń fi í sí fún oṣù mẹ́ta gbáko. Kó máa wò, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni Ọwọ́, tí yóò máa tú u, tí yóò máa bà á jẹ́, tí ẹ̀yin náà yóò máa kùn bí oyin. Bó bá di pé ó lè gbọ́ máṣíìnì láti ẹnu ọ̀nà, kó sì sọ ohun tó ń ṣe é kó tó ṣí i, ó ti dé Etí nìyẹn. Bó bá lè fi kọ́ ẹlòmíràn láìbínú, ó dé Ẹnu. Ara ló kẹ́yìn. Níbẹ̀, iṣẹ́ náà ti kúrò lórí, ó ti wọ inú egungun, ẹni náà lè máa ro ti ọbẹ̀ tí yóò jẹ lálẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe ohun tó yẹ lọ ní tiẹ̀. Ohun tó máa ń bí yín nínú jù ni àwọn tó fẹ́ ti Ẹnu bẹ̀rẹ̀, ẹ sì gbà pé àwọn ló pọ̀ jù láyé.

Ká ní orí máṣíìnì lẹ fi mọ ni, kò bá burú. Kò sí ohun tí ẹ kì í fi ìpele yìí wọ̀n. Nínú ìrẹsì sísè, Ọwọ́ ni mo wà títí mo fi lọ sílé ọkọ. Nínú ìbínú, Bùọ̀dá Wàhábì ti dé Ara kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lánlọ́ọ̀dù wa dé Ara nínú kí á gba owó ilé, ṣùgbọ́n nínú kí á tún òrùlé ṣe, Ojú ló wà, ó kàn ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ kì í pa ìrun Àsùbáà jẹ, Ọwọ́ lẹ fi ara yín sí nínú ìrun kíkí, torí ẹ̀ ń tẹ̀, ẹ̀ ń dìde, ọkàn yín sì ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà. Nínú ìgbéyàwó, ẹ sọ níṣojú gbogbo wa pé ọdún mọ́kànlá lẹ fi wà ní Ojú, tí ẹ kàn ń wo Màámi láìmọ ohun tí ẹ ń wò. Mo rántí pé Màámi kàn fi ẹran kún oúnjẹ yín.

Ohun kan wà tí mi ò fetí sí dáadáa nígbà náà. Ẹ kì í fi odidi ènìyàn sí ìpele kan. Ẹ máa ń béèrè pé nínú kí ni. Ọkùnrin báńkì kan máa ń wá bá yín ṣeré nígbà yẹn, èyí tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn tí bàtà rẹ̀ máa ń dán. Gbogbo wa là ń bẹ̀rù ìwé tó kà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé nínú ìṣirò, Ara ni, ṣùgbọ́n nínú kí á dá wà láìsí ìyàwó àti ọmọ nítòsí, kò tíì kúrò ní Ojú, kí n máa bu oúnjẹ fún un nígbàkígbà tó bá yà.

Nínú èdè Igbo, Màámi fi yín sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé Onitsha, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá ará ọjà dúnàá-dúrà lójoojúmọ́, Ọwọ́ lẹ sì kú sí, nítorí ọwọ́ lẹ fi ń tọ́ka sí ohun tí ẹ bá fẹ́. Òun tó fi ìbẹ̀rù bá yín wá láti Ìwó, tó jẹ́ pé Mama Ebuka tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ló kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ nídìí ààrò, òun ló dé Ara. Ẹ ní ìdánwò kan fún èyí. Ẹ kì í bi ènìyàn ní èdè tó gbọ́, ẹ máa ń dúró di ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ kọ. Ọjọ́ tí Màámi fẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, "Ewoo! Chineke m o!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi Igbo ké pe Ọlọ́run, odidi ìyá Mùsùlùmí. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì kan kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ. Ẹ rántí pé mo ti lọ́kọ, mo ti bí Rúkà, kí n tó lọ ka ìwé olùkọ́ni. Sátidé àti ìgbà ìsinmi ni mo fi ń lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù tí a jọ ń ṣe. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa bí ọmọ ènìyàn ṣe ń dàgbà ní ìpele-ìpele: ìgbà tó rò pé ohun tí òun kò bá rí kò sí mọ́, ìgbà tó rò pé omi inú ife gígùn ló pọ̀ ju ti ife fífẹ̀ lọ, títí tó fi gbọ́n. Inú mi dùn. Mo kó ìwé mi wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo kà á fún yín. Oníbàárà méjì wà níbẹ̀. Mo wá sọ níṣojú wọn pé ìpele tiyín kò rí bẹ́ẹ̀, pé Ẹnu ló yẹ kó kẹ́yìn, nítorí ẹni tó bá lè ṣàlàyé nǹkan ló mọ nǹkan, àti pé kí ẹni tí kò parí ìwé mẹ́fà fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó kà á. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni ojú tì mí. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́.

Ẹ ò bínú. Ẹ fi àkísà nu epo lọ́wọ́, ẹ wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ ní bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ńkọ́, ìpele wo ni ìwé mi fi í sí?

Mo délé, mo tú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ńṣe ló ń gòkè lọ, kò sí ojú ewé kan tí ènìyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá, ṣé ẹ ti rí i lára Màámi nígbà náà? Ìyẹn ni mo fẹ́ bi yín jù, n kò sì lè rí èsì gbà mọ́. Nítorí mo wá rántí pé ìgbà yẹn gan-an lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí lọ sí ilé ìdáná, tí ẹ ń jókòó ti Màámi bó bá ń dáná. A fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ìfẹ́ arúgbó ti mú yín. Ìgbà yẹn lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e lọ sọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ kórìíra èrò. Ẹ̀yin lẹ máa ń pa iná sítóòfù. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó ti pariwo orúkọ rẹ̀ kó tó dé, "Mama Ebuka nìyí o! Rúkà ti dé o!" A rò pé etí ló ń di yín. A ò mọ̀ pé Màámi lẹ̀ ń sọ ọ́ fún, kí ojú má baà tì í.

Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú bí mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín ni aṣọ bọ́ kúrò lára ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo èèyàn jókòó, wọ́n ń ṣe àmín, Màámi wá fà mí létí aṣọ, ó bi mí bóyá ẹ ti kúrò ní mọ́ṣáláṣí, nítorí oúnjẹ yín ń tutù.

Lẹ́yìn náà ni ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Mo gbé e lọ rí dókítà. Dókítà náà kò burú, oògùn tó kọ sì jẹ́ kí Màámi máa sùn. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé àìsàn yìí ní ìpele mẹ́ta, pé ìkejì ni Màámi wà. Mo bi í pé nínú kí ni. Ó wò mí bíi pé èmi gan-an ni aláìsàn.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, Igbo kúrò lẹ́nu Màámi, Pijin náà tẹ̀lé e. Yorùbá nìkan ló kù, Yorùbá Ìwó ìgbà ọmọge rẹ̀, tí òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń sọ. Rúkà ọmọ mi, tí Igbo rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju Yorùbá lọ, kò lè tẹ̀lé e. Mama Ebuka á wọlé láàárọ̀, á kí i pé ṣé ó jí dáadáa, "Nne, ị bọọla chi?" Màámi á kàn máa wò ó lójú, á wá yíjú sí mi kí n bá a sọ ohun tí àlejò náà fẹ́. Mama Ebuka! Ẹni tó gbẹ̀bí Bùọ̀dá Wàhábì nínú yàrá yẹn.

Bùọ̀dá Wàhábì wá láti Ìwó lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ó ní, "Àárín àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ ló yẹ kó wà. A ti fi Bàbá sílẹ̀ síbí, a ò ní fi Màámi náà sílẹ̀." Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pé a kò gbé yín délé ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà yẹn wá, àwọn ará ilé kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Mo gbà fún un. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín pé kì í ṣe nítorí èdè nìkan ni mo fi gbà. Ó ti rẹ̀ mí. Láti Obosi, níbi tí ilé ọkọ mi wà, ni mo ti ń wá láàárọ̀, mo ń padà nírọ̀lẹ́, mo ń tún máṣíìnì ṣe, mo ń tún Màámi ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ, mo sùn, mi ò jí títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Ara mi balẹ̀, Bàbá. Kí Ọlọ́hun dárí jì mí.

Ilé Bùọ̀dá dára. Táìsì ló wà nílẹ̀, yàrá Màámi ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, ìyàwó Bùọ̀dá sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n ń pè mí pé ó ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀, ó ń kọrin ìgbà èwe rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní a ti ṣe ohun tó tọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní kò jẹun dáadáa mọ́. Nígbà tó yá, ó ń dúró sáàárín pálọ̀, ó ń fọwọ́ tọ ògiri kiri, kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ó ń ṣe sára kó tó rí ilé ìyàgbẹ́, Màámi wa yẹn, tí ìdọ̀tí kì í bá gbé. Ojú ń tì í. Nígbà tó sì di pé ó ń ṣubú, wọ́n fi í sórí àga, ó jókòó, kò dìde mọ́.

Oṣù kejì ni mo lọ wò ó. Nígbà tí mo rí i, ó ti gbẹ. Ìró tó máa ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan ti ń yí i ká ní ìlọ́po méjì. Mo fà á dìde kí á lọ sí ìta gba atẹ́gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ irin tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

"Ewoo! Chineke m o!"

Àwọn ọmọ Bùọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sórí táìsì níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín tiyín ti ọjọ́ kìíní, ẹ̀rín yẹn náà ló pa mí lẹ́kún.

Ẹnu rẹ̀ la tẹ̀lé, Bàbá. Ẹnu rẹ̀ wà ní Ìwó, a sì rò pé ibi tí ẹnu bá wà ni gbogbo ènìyàn wà. Ara rẹ̀ kò kúrò ní Odoakpu. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá. Níbẹ̀, kò nílò kó rántí ohunkóhun kó tó lè mọ́ tónítóní. Bó bá sọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ló ń gbé e lọ, ọwọ́ ọ̀tún á kan dúrọ́ọ̀mù omi, òsì á kan ilẹ̀kùn. A mú un kúrò níbi tí kò ti nílò ọpọlọ, a gbé e lọ síbi tó jẹ́ pé ọpọlọ tí kò sí mọ́ yẹn nìkan ló lè gbà á là. Ta ló sì ṣe é? Èmi tí mo kàwé olùkọ́ni, tí mo ní Ẹnu ló yẹ kó kẹ́yìn.

Mo sọ fún Bùọ̀dá pé mò ń mú Màámi padà. Ó bínú, ẹ sì mọ ìpele tó wà nínú ìyẹn. Ó ní kí ni ará ilé máa sọ. Ó ní, "Ṣé ìpele Bàbá la fẹ́ máa fi tọ́jú aláìsàn ni?" Mi ò bá a jà. Mo ní kó di ojú rẹ̀, kó ṣe bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, kó wọlé sí yàrá wa ní Odoakpu. Ó kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó di ojú. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti kó kúrò nílé yẹn. Mo ń wò ó. Ó rọra tẹ orí ba, torí páànù tó yọ síta lókè ilẹ̀kùn, èyí tí kò sí ẹni tó sọ fún un. Ó na ọwọ́ òsì sókè, ó tẹ iná tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó la ojú, omi ti kún un. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò Màámi sínú mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

A gba orí afárá Odò Ọya kọjá, mo fi odò han Màámi, ó ní omi náà pọ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ já wa sí ẹnu géètì, Mama Ebuka ti wà níbẹ̀, ó ti fi ìpara pa ojú bíi pé ọjọ́ ọdún ni. "Nne, nnọọ! Nnọọ o!" Bó ṣe ń kí Màámi káàbọ̀ ló dì í mú, ó wá yíjú sí mi, ó gbójú le. "Una carry our person go, una no even ask us."

Òtítọ́ ni. A ò bi í. Mo dọ̀bálẹ̀ lọ́kàn, mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo bẹ̀ ẹ́.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀, Màámi ti já ọwọ́ gbà. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Kò fọwọ́ tọ ògiri. Ní ìdajì ọ̀nà, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ó fa ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì tún bọ́ sáàárín padà. Mo kọ́kọ́ rò pé òòyì ń kọ́ ọ, àfi ìgbà tí mo rántí pé ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ lánlọ́ọ̀dù máa ń wà, èyí tí wọ́n ti gbé kúrò kí ẹ tó kú. Ó dé ìdí dúrọ́ọ̀mù, ó bu omi, ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlùwàlá. Ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá, orí, etí, ẹsẹ̀. Kò fo ọ̀kan. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí, mo ń sunkún, mo ń sọ pé alhamdulillah.

Ìròyìn yòókù rèé. A ti kó kúrò ní Obosi. Bàbá Rúkà ló kọ́kọ́ dá a lábàá, kí ẹ má rò pé èmi ni mo fipá mú un. Ó ní ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìn jù láti ibí. Nínú ìgbéyàwó, mo ti gbé ọkùnrin yẹn kúrò ní Ọwọ́ láti ọjọ́ náà. Bùọ̀dá ń wá lóṣooṣù, ó ń gbé oògùn bọ̀, ó ń pariwo mọ́ gbogbo wa, ó ń sùn sórí ẹní nínú yàrá Màámi. Màámi ti sanra padà díẹ̀. Rúkà ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ rẹ̀, kò tíì kúrò ní Ojú, ṣùgbọ́n ó ti mọ orin mẹ́ta. Mama Ebuka ń wá láàárọ̀ pẹ̀lú àkàmù, wọ́n ń jókòó papọ̀, ọ̀kan ń sọ Igbo, èkejì ń sọ Yorùbá, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?

Bí wọ́n bá bi mí báyìí pé ìpele wo ni Màámi wà, mo máa ń béèrè pé nínú kí ni. Nínú orúkọ àwa ọmọ rẹ̀, kò tilẹ̀ dé Ojú mọ́. Nínú ọjọ́ tí a wà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nínú ilá rírẹ́, Ara ni, àfi pé ènìyàn gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó má rẹ́ ìka mọ́ ọn. Mo máa ń gbé àpótí síbẹ̀. Bí mo bá jókòó sórí rẹ̀, mo máa ń mọ ohun tí ẹ̀ ń rò nígbà tí ẹ̀yin jókòó, tí a ń fi yín rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń ṣe mí bíi kí n wá yín lọ síbikíbi tí ẹ wà, kí n dì mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú ìfara-ẹni-jìn. Ẹ kú ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ aláìgbọràn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì mú mi mú bírò.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àìlà, èmi àti Màámi jókòó lórí ẹní láti jẹun. Ìrẹsì ni mo sè, pẹ̀lú ẹja epìyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti etí odò. Inú àwo kan náà la ti ń jẹ. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò tí kò fẹ́ ṣẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọ ta ni yín?"

Ó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, mo mọ̀ pé yóò dé lọ́jọ́ kan, síbẹ̀ ó gún mi. Ìyá mi ń fi ẹ̀yin pè mí. Mo gbé orí wálẹ̀ sínú àwo kó má baà rí ojú mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń bi mí léèrè yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ẹja. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa egungun ẹ̀yìn rẹ̀ jáde lódidi, ó fi ìka tọ àwọn wẹ́wẹ́ tó kù, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kó ẹran ẹja náà jọ, ó tì í sí apá ọ̀dọ̀ mi nínú àwo. Ó wá dá ọwọ́ dúró, kò jẹ tirẹ̀. Ó ń retí kí n kọ́kọ́ jẹ. Mo ti lé ní ogójì ọdún, Bàbá, eyín mi sì pé.

Mo ní, "Màámi, ọmọ yín ni mí."

Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ ohun tó tọ́. Ó ní, "Ó dáa. Rọra jẹ ẹ́, egungun ṣì lè wà níbẹ̀."

Mo jẹ ẹ́ tán.

Kí Ọlọ́hun fẹ ibùjókòó yín lójú ní Alujanna. A wà papọ̀ níbí, a ń jẹun, a sì ń ṣàdúrà fún yín.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bí ẹnu ṣe lè sọ ọ́ lọ.